Ibi Tí Orí Ẹ̀ka Náà Kọ Sí

Julius ló fa gbogbo ẹ̀, ká má tan ara wa. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà le tán, Julius wà nínú ilé ẹ̀ ní Beltline, láàárín ìlú Calgary, ó ń mu tíì, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Adégbóyèga ló wà nínú ìgbẹ́ tí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí àyà ẹ̀ ń lù kìkìkì, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹranko lòun ń wò ni àbí èèyàn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti yẹ.

Ọdún 2016 ni. Epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àwọn ilé gogoro tó wà ní downtown Calgary sì ti ń ṣófo lájà kọ̀ọ̀kan. Adégbóyèga Akínbámi, ẹnjiníà, tó ń wọ táì gun lífìtì lọ sókè láràárọ̀, ni wọ́n pè sínú yàrá kan lóṣù March ọdún tó ṣáájú. Wọ́n fún un ní páálí kan kó fi kó ẹrù ẹ̀. Ó kó ife tíì àti fọ́tò ìyàwó ẹ̀ sínú ẹ̀, ó wọ train, ó lọ sílé. Látìgbà náà, ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ó ti sú u, kò sẹ́ni tó pè é padà. Wọ́n fi ilé wọn ní Cranston sílẹ̀, wọ́n lọ háyà basement, yàrá abẹ́ ilé onílé, ní Penbrooke Meadows. Dóyin ìyàwó ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá tó wà nítòsí Cranston, ó ṣì ń wakọ̀ padà sí àdúgbò náà lójoojúmọ́, ó sì ń gba iwájú ilé wọn àtijọ́ kọjá. Kì í sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dun ọkọ ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tí Adégbóyèga lè gbé wọlé tí inú òun fúnra ẹ̀ á dùn ni ẹran. Ọmọ ọdẹ ni. Ìpápó lÓkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ sì ti ń mú un wọ igbó kí eyín iwájú ẹ̀ tó ká. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ó lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fáwọn ọdẹ ní Alberta, ó gba láísẹ́ǹsì ìbọn, ó gbàwé àṣẹ láti pa àgbọ̀nrín kan. Ọdún àkọ́kọ́, ó pa á. Ẹran yẹn ni wọ́n jẹ títí snow fi yọ́. Lọ́jọ́ tó ń kó o sínú fírísà, Dóyin dúró tì í, ó ń kì í ní oríkì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín sí i. Ọkùnrin náà wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí ẹ̀rọ omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún òun.

Bàbá ẹ̀ fi àṣà kan kọ́ ọ. Tí ọdẹ bá dé ibi tí ọdẹ mìíràn ti ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ pàkúté ẹ̀ ló rí, ì báà jẹ́ ibùba tó máa ń lúgọ sí, kò gbọdọ̀ kọjá lásán. Á já ẹ̀ka igi tútù kan, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á fi òkúta tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí orí ẹ̀ka náà bá kọ sí, ibẹ̀ ló gbà lọ. Ohun tó ń sọ ò ju pé: èèyàn wà lápá ibí yìí, má yìnbọn síbẹ̀. Àbúrò bàbá ẹ̀ kan gbàgbé lọ́jọ́ kan. Aṣọ ni wọ́n fi gbé e wálé, ẹni tó sì yìnbọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, tó ní ìgalà lòun rí. Ọmọ ọdún méje ni Adégbóyèga nígbà náà. Títí dòní ló ń rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń forí gbálẹ̀ níwájú ilé wọn.

Ilẹ̀ ìjọba ló ti ń ṣọdẹ, wákàtí kan àbọ̀ sí Calgary lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ló lè wọ ibẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn ní kíláàsì pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibì kan, kí wọ́n yà fún un, pé ibùba ẹlòmíràn, kí wọ́n má jókòó sí i, pé kámẹ́rà ẹlòmíràn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kámẹ́rà kan wà lára igi kan létí ọ̀nà tí àwọn ẹranko máa ń gbà lọ mumi níbẹ̀. Kékeré ni, ó ní àwọ̀ èèpo igi. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń so irú ẹ̀ mọ́ igi sílẹ̀, ohunkóhun tó bá kọjá níwájú ẹ̀, á ya fọ́tò ẹ̀ sínú káàdì pẹlẹbẹ kan, ẹni tó ni ín á wá wò ó tó bá yá. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí ìgbẹ́ fún ọdẹ lọ́dún yẹn, gbogbo ìgbà tí Adégbóyèga bá dé ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ síwájú kámẹ́rà yẹn, á tẹ́ ẹ̀ka igi pine kan sílẹ̀, orí ẹ̀ á kọ sí ibùba tiẹ̀ lẹ́bàá àpáta nísàlẹ̀. Kò rí ẹni tó ni kámẹ́rà náà rí. Ó ṣáà ń kí i.

Níbo wá ni Julius ti wọlé? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, PR ẹ̀, ìwé ìgbélùú, ò tíì pé ọdún méjì. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ. Adégbóyèga mú un dání ní Saturday kejì oṣù November. Bàtà tí ọmọ náà wọ̀ wá, bàtà ijó ni, ṣùgbọ́n ká fi ìyẹn sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí tó ń wò wá?”

“Kámẹ́rà ọdẹ ni. Má fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló ní kó máa ya mí? Did I sign anything?”

“Julius, mo ní má fọwọ́ kàn án.”

Julius gbọ́. Gbígbọ́ kì í ni Julius lára, ìgbọràn ni. Adégbóyèga tẹ́ ẹ̀ka ẹ̀ sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ojú ẹsẹ̀ ẹranko létí omi, ó sì fi ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn ò rí nǹkan kan pa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ti wà nínú truck, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì, Julius kiwọ́ bàpò, ó mú káàdì pẹlẹbẹ kan jáde, ó ń fì í níwájú ẹ̀ bí ọmọdé tó rí súìtì he.

“Ẹ wò ó. Fọ́tò wa ò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.”

Adégbóyèga tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà yọ̀ lórí yìnyín, ó yí, ó wá dúró létí kòtò.

“Kí lo ṣe?”

“Ẹ̀gbọ́n, these people, ẹ ò mọ̀ wọ́n ni. Black man, gun, bush. Dem go just carry our picture go police. Mo kàn gbà wá ni.”

“O gbà wá lọ́wọ́ kí ni? Kí la ṣe? Julius, a ò ṣe nǹkan kan! Ìwé wà lọ́wọ́ mi! Ìsinsìnyí la wá ṣe nǹkan!”

Ó fẹ́ yí ọkọ̀ padà, àmọ́ snow ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ lójú ọ̀run, kò rí iwájú mọ́ ju ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá lọ.  Ìgbà tí Julius máa tún lanu, ohun tó sọ burú ju ohun tó ṣe lọ.

“Ṣùgbọ́n àwọn kámẹ́rà yẹn náà, some of them dey send direct to phone. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, a jẹ́ pé ó ti rí wa.”

 Wọ́n dé Beltline, Adégbóyèga já Julius sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn na ọwọ́ sí i, Julius sì fi káàdì náà sí i lọ́wọ́.

Nílé, ó jókòó sójú kan náà pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Dóyin dé láti ibi iṣẹ́, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ ẹ̀ rojọ́ náà fún un. Ìwé citizenship wọn, èyí tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ti wà lọ́dọ̀ ìjọba láti oṣù August. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn olè kàn án, ìwé yẹn á dúró síbi tó wà, láísẹ́ǹsì ìbọn ẹ̀ á lọ, orúkọ ẹ̀ á wà nínú kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bàbá Ọmọ́ládé, ẹ dá a padà.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, Dóyin.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ dá a padà.”

Ó ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó ní kí òun kàn wo ohun tó wà lórí ẹ̀. Àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀, akátá kan náà wà níbẹ̀. Ó wá rí ara ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó forí balẹ̀, ìbọn wà léjìká ẹ̀, ó ń tẹ́ nǹkan sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ojú ẹ̀ dúdú, ẹyin ojú ẹ̀ ń tàn. Ọmọ́ládé ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọjú lẹ́yìn àga.

“Daddy, is that you? Are you praying to the tree?”

Jìnnìjìnnì bo Adégbóyèga. Láti ọjọ́ tó ti ń tẹ́ ẹ̀ka yẹn sílẹ̀, kò ronú ẹ̀ rí pé ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kí ni yóò jẹ́ lójú òyìnbó yẹn? Oògùn? Ìhàlẹ̀? Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń wá síwájú kámẹ́rà òun, ó ń tẹ́ nǹkan sílẹ̀, lọ́jọ́ kan káàdì poora. Ta ló máa rò pé ó mú un?

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ojú ewé kan lórí Facebook tí àwọn ọdẹ apá ibẹ̀ ti máa ń pàdé. Ẹnì kan tí kò lo orúkọ gidi ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n jí káàdì òun. Ó ní òun mọ truck tí olè náà ń wà. Ó ní ìgbẹ́ tóbi, ìjàǹbá sì máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgbẹ́. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló ti tẹ àtàǹpàkò sókè fún un. Ó lè jẹ́ ẹni tó ni kámẹ́rà yẹn, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn pátápátá, torí kámẹ́rà tí wọ́n ń jí lọ́dún yẹn pọ̀ gan-an. Adégbóyèga kà á ní bí ìgbà ogún. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti dá a lójú pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Saturday tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló lọ. Ó pe Julius, Julius ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ń lọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ òun, òun ò lè kúrò. Ó fi káàdì náà sínú báágì ọ̀rá kékeré, ó kì í bọ àpò àyà. Èrò ẹ̀ ni pé kí òun ki káàdì náà bọ inú kámẹ́rà, kí òun pa á dé, kí òun máa lọ.

Ó dé ìdí igi náà, kò rí kámẹ́rà. Kò ku nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ibi tí okùn ẹ̀ ti ha èèpo igi lọ. Ó wá wolẹ̀.

Ẹ̀ka igi pine kan wà lórí snow. Òkúta kan tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe òun ló tẹ́ ẹ síbẹ̀, tiẹ̀ ti gbẹ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tútù yọ̀yọ̀. Orí ẹ̀ka náà kọ sísàlẹ̀, ó kọ sí àpáta, ó kọ sí ibùba Adégbóyèga gẹ́lẹ́.

Yéè! Orí ẹ̀ wú. Ó yíjú sẹ́yìn, ó yíjú sọ́tùn-ún, igi nìkan ló ń wò ó. Ẹni yìí ti mọ ibi tí mò ń jókòó sí. Bó ṣe sọ ọ́ lọ́kàn ara ẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò ronú káàdì, kò ronú òkúta. Ó gbé ẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ rora ń rìn, nígbà tó yá ó ń sáré, ẹ̀ka igi ń gbá a lójú, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ìdí truck.

“Kí ló dé tẹ́ ò kàn fi káàdì yẹn sábẹ́ òkúta náà?” Dóyin bi í nílé.

 Ọ̀rọ̀ rọrùn bẹ́ẹ̀, kò wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù ti gba ibi tí ọgbọ́n ń gbé lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, oorun ò kun ojú ẹ̀ dáadáa. Tí ọkọ̀ kan bá rọra kọjá níwájú ilé, á lọ yọjú lójú fèrèsé kóńkó basement wọn. Ó ní kí Ọmọ́ládé má dúró síta de bọ́ọ̀sì ilé ìwé mọ́, òun fúnra ẹ̀ ń mú un lọ. Dóyin ní òun ò rí irú èyí rí, pé káàdì tí kò tó èékánná wá ń lé ọkọ òun kiri inú ilé. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

November 26, Saturday tó kẹ́yìn nínú sáà náà. Lọ́jọ́ Wednesday tó ń bọ̀, wọ́n á ti ìgbẹ́. Fírísà ṣófo. Adégbóyèga ní òun ń lọ fi káàdì náà sábẹ́ òkúta, lẹ́yìn náà òun á jókòó fún wákàtí díẹ̀, bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

“Tó bá jẹ́ káàdì lẹ fẹ́ lọ fi sílẹ̀, ẹ má gbé ìbọn,” Dóyin wí.

“Ẹnì kan ń dọdẹ mi níbẹ̀, o ní kí n wọbẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo?”

“Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn?” Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú. “Bàbá Ọmọ́ládé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹran tàbí ká má rẹ́ran, ẹ padà wálé fún mi.”

Ó dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ti yọ, oòrùn November tó ń mọ́lẹ̀ láìmóoru. Òtútù náà ń ta èèyàn nímú. Ẹ̀ka mìíràn wà nídìí igi yẹn. Ó tútù débi pé oje ṣì ń yọ níbi tí wọ́n ti gé e. Ẹni tó tẹ́ ẹ síbẹ̀ ò tíì jìnnà. Lọ́tẹ̀ yìí orí ẹ̀ kò kọ sí ibùba, ó kọ sí àwọn igi pine kan tó ṣù jọ lókè ibùba, níbi tí èèyàn lè dúró sí kó máa wo ẹ̀yìn orí ẹni tó bá jókòó nísàlẹ̀.

Ó yẹ kó fi káàdì sílẹ̀ nígbà náà kó máa lọ. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ki ọta bọ ìbọn. Ọ̀kan bọ́ sínú snow, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fẹ̀yìn ti igi ńlá kan, ó kọjú sí àwọn igi pine yẹn, ó ń mí sínú kọ́là ẹ̀ kí èémí ẹ̀ má baà rú èéfín.

Ó tó bí ìdajì wákàtí. Ẹyẹ kan ké, ó dákẹ́. Nǹkan kan wá mira láàárín àwọn igi náà.

Ó mira lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún mira. Adégbóyèga gbé ìbọn sójú. Nínú awò ìbọn, ó rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín ewé, àwọ̀ àgbọ̀nrín, ní ìwọ̀n gíga àyà àgbọ̀nrín. Kò rí orí, kò rí ìwo. Ó yẹ kó dúró títí á fi rí orí. Bàbá ẹ̀ kọ́ ọ, àwọn òyìnbó náà kọ́ ọ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni. Àmọ́ ẹ̀rù ń sọ fún un pé, tó bá jẹ́ àgbọ̀nrín, ẹran ilé ẹ nìyẹn, tó bá sì jẹ́ ẹni tó ń dọdẹ ẹ ni, òun ló wá bá ẹ, ìwọ kọ́ lo wá bá a. Ó fi àtàǹpàkò ti safety, ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn, síwájú. Ìka ẹ̀ wọlé, ó kan irin tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀.

Orí ẹ̀ka náà kọ síbẹ̀.

Kò mọ bí èrò náà ṣe wọlé. Ohùn ọ̀rọ̀ náà jọ ti bàbá ẹ̀, ohùn kan tó máa ń ṣe bí ẹni ń bínú. Orí ẹ̀ka náà kọ síbẹ̀, Bóyè. Kí la ní ó túmọ̀ sí?

Èèyàn wà lápá ibí yìí. Má yìnbọn síbẹ̀.

Ó yọ ìka. Ó sọ ìbọn náà kalẹ̀ kúrò lójú.  Ọkùnrin tó forí gbálẹ̀ níwájú ilé wọn nÍpápó, ojú ẹ̀ ló ń rí. Ọlọ́run mi o. Ọlọ́run mi o. Díẹ̀ ló kù.

Bàbá òyìnbó kan jáde láàárín àwọn igi náà. Á ti tó ọmọ ọgọ́rin ọdún. Jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tó ní àwọ̀ àgbọ̀nrín ló wọ̀, ìbọn ẹ̀ kọ́ léjìká, ó sì ń fi ọ̀pá kan tilẹ̀. Ó rí Adégbóyèga, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Òyìnbó ni wọ́n sọ, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ nìyí.

“Ìwọ lo ń tẹ́ ẹ̀ka sílẹ̀?”

“Èmi ni, sir.”

“Gbogbo oṣù October ni mo fi rò ó. Mo kọ́kọ́ ní àwọn ọmọdé ni. Ìgbà tó yá mo wo ojú ẹsẹ̀ ẹ, mo rí i pé ibi tí orí ẹ̀ bá kọ sí lo máa ń gbà lọ. Mo ní, háà, ọkùnrin yìí ń sọ ibi tó wà fún mi kí n má baà yìnbọn fún un.” Ó mi orí. “Láti àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ṣọdẹ níbí, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ lóhùn: ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ wò ẹ́ ní ibùba ẹ, lónìí apá òkè ni mo gbà. O rí tèmi?”

“Mo rí i.”

“Wọ́n jí káàdì kámẹ́rà mi, ni mo bá kúkú tú u kúrò kí wọ́n tó jí òun náà. Ọmọ mi obìnrin ní ìwọ ni. Mo ní rárá o. Ẹni tó ń sọ ibi tó ń lọ fún mi, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè jà mí lólè.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adégbóyèga lára ju òtútù lọ. Káàdì wà lápò àyà ẹ̀. Kámẹ́rà ò sí mọ́, fọ́tò ò sí, ẹ̀rí ò sí. Tó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn, á sì padà lọ sílé pẹ̀lú ìwé citizenship ẹ̀ àti orúkọ ẹ̀.  Ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú báágì ọ̀rá náà jáde, ó nà án sí bàbá náà.

“Ẹni tó bá mi wá ló mú un. Mi ò mọ̀, àfi nígbà tá a ti dé títì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí, sir. Ẹ má bínú.”

Bàbá náà gbà á. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò bínú. Bóyá ì bá tiẹ̀ ti dárí jì í níbẹ̀, bóyá wọn ì bá jọ mu kọfí nínú fúláàsì. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ojú sókè ni ojú ẹ̀ bọ́ sára ìbọn Adégbóyèga. Àmì pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn yẹn tí kì í hàn àyàfi tí wọ́n bá ti ti safety síwájú. Ó hàn. Adégbóyèga ti gbàgbé láti dá a padà.

Bàbá náà wo àmì pupa yẹn. Ó yíjú, ó wo àwọn igi pine tó ti jáde wá. Ó wo ibi tí Adégbóyèga dúró sí, ó wo ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú snow, bó ṣe kọjú síbẹ̀. Ọdẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un.

“O ní o rí ẹ̀ka mi,” ló wí.

“Mo rí i.”

“O rí i, o sì ṣí ìbọn.”

 Ẹ̀rín ti kúrò lójú bàbá náà, ohun tó sì wá síbẹ̀, Adégbóyèga mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun fúnra ẹ̀ ti ń gbé e kiri láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rù ni. Bàbá àgbà náà ń fẹ̀yìn rìn, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ìbọn yẹn, títí ó fi dé ìdí igi tí kámẹ́rà wà tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta kúrò, ó mú ẹ̀ka ẹ̀ nílẹ̀, ó kì í bọ àpò. Ó wọ inú igi lọ. Kò tẹ́ òmíràn sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún nínú snow fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Bóyá ó ti jìnnà ni o, bóyá ó dúró ni o, Adégbóyèga ò mọ̀. Ìbọn wà léjìká bàbá yẹn. Ẹ̀rù wà láyà ẹ̀. Kò sì sí ohun kankan nílẹ̀ tó sọ apá ibi tó wà.

Adégbóyèga yọ gbogbo ọta inú ìbọn, ó dà wọ́n sí àpò, ó gbé ìbọn náà kọ́ ẹ̀yìn. Truck jìnnà tó ìdajì wákàtí, àárín igi ló sì máa gbà. Jákẹ́ẹ̀tì tòun náà ní àwọ̀ ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì fẹ́ pariwo kí wọ́n mọ̀ pé òun ń bọ̀, àmọ́ gbogbo Òyìnbó tó kọ́ ní yunifásítì sá lọ lórí ẹ̀. Èdè bàbá ẹ̀ ló kù.

“Èèyàn ni mí o!”

Igi gba ohùn náà, ó pa á mọ́. Ẹ̀ka kan dún lápá òsì, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lókè, ó ń retí. Ó tún gbé ẹsẹ̀.

“Ẹ má yìnbọn! Èèyàn ni mí o! Èèyàn ni mí!”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ń pariwo ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ títí ohùn ẹ̀ fi há, truck ò sì tíì hàn.